Anne Sullivan: Olùkọ́ Tí Ó Jókòó Ti Helen Keller



Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Helen Keller rí, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn, ṣùgbọ́n tí ó kàwé títí ó fi gboyè ní yunifásítì. Àwọn tí ó mọ ìtàn olùkọ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá rí ọsàn tí ó pọ́n lórí igi, ó yẹ kí á béèrè ẹni tí ó bomi rin igi náà. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Anne Sullivan wá fún yín ní ìgbà yìí. Àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ń bẹ ní àdúgbò wa, wọ́n ń bẹ nínú ẹbí wa pẹ̀lú. Ìtàn obìnrin yìí yóò ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ wa.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

A bí Anne ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1866 ní Feeding Hills, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ilẹ̀ Ireland ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Tálákà paraku ni wọ́n, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ràn ọtí ju bí ó ti yẹ lọ.

Nígbà tí Anne wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 5, àrùn ojú tí a ń pè ní trachoma kọlù ú. Àrùn yìí máa ń mú kí ìpéǹpéjú ká sínú, tí irun rẹ̀ yóò sì máa ha ẹyinjú títí ojú yóò fi ṣókùnkùn. Òun náà ni ó ti fọ́ ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní apá Òkè Ọya ní orílẹ̀-èdè wa. Kò sí owó ìtọ́jú nílé, nítorí náà ojú ọmọ náà ń bàjẹ́ sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí ó di ọmọ nǹkan bí ọdún 8, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyá rẹ̀. Bàbá kò lè tọ́ àwọn ọmọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹbí. Ní oṣù kejì ọdún 1876, wọ́n kó Anne àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Jimmie, lọ sí ilé àwọn aláìní ti ìjọba ní Tewksbury.

Ilé yìí kì í ṣe ibi tí ó yẹ ọmọdé. Àwọn arúgbó tí kò ní ẹnìkan, àwọn aláìsàn, àti àwọn tí orí wọn kò pé ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mú Jimmie lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ṣùgbọ́n Anne sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà pọ̀. Ìgbáròkó ọmọkùnrin náà ti ní àrùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́rin tí ó fi kú. Láti ìgbà náà lọ, Anne kò ní ẹbí kankan mọ́ nínú ilé náà, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa.

Ó lo ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ ní Tewksbury. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ ń gbé pé ilé-ìwé wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn afọ́jú. Láti ọjọ́ náà kò ní èrò mìíràn lọ́kàn mọ́. Ní ọdún 1880, àwọn aláṣẹ kan wá bẹ ilé náà wò, Frank Sanborn sì ni olórí wọn. Anne kò lè rí èwo nínú wọn ni olórí. Ó ń tẹ̀lé wọn kiri láti yàrá dé yàrá, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ máa lọ, ó sáré wọ àárín wọn, ó ń kígbe pé òun fẹ́ lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà náà. Igbe yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

ILÉ-ÌWÉ PERKINS

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1880, ó wọ ilé-ìwé àwọn afọ́jú tí a ń pè ní Perkins ní ìlú Boston. Kò mọ ìwé kà, kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n fi í sí àárín àwọn ọmọ kéékèèké láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbínú rẹ̀ yára, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé e kúrò ní ilé-ìwé náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ní sùúrù fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni Sophia Hopkins, opó kan tí ó ń ṣe ìyá fún àwọn ọmọ nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ọmọbìnrin tirẹ̀ ti kú. Ó fà Anne mọ́ra, nígbà ìsinmi a sì máa mú un lọ sí ilé ara rẹ̀ ní etí òkun. Àwọn dókítà tún iṣẹ́ abẹ ṣe lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìwé kà fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ilé-ìwé yìí kan náà ni Laura Bridgman ń gbé, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní ìwé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Anne kọ́ bí a ti ń fi ìka ọwọ́ kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíràn, kí ó bàa lè bá Laura sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ayé òun ni òun ń kọ́ yẹn.

Ní ọdún 1886 ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó wọlé láìmọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ni ó gba ipò kìíní, òun ni ó sì sọ̀rọ̀ ní orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde.

ỌMỌ KAN NÍ ALABAMA

Ní ìlú Tuscumbia ní ìpínlẹ̀ Alabama, àìsàn kan kọlu Helen Keller nígbà tí ó jẹ́ ọmọ oṣù 19. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́, kò sì gbọ́ràn mọ́. Ìyá rẹ̀, Kate Keller, ti kà nípa Laura Bridgman nínú ìwé tí Charles Dickens kọ. Bí ìyá bá ti gbọ́ pé ó ti ṣeé ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn, kò ní sùn mọ́. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní Baltimore, dókítà ní kí wọ́n lọ rí Alexander Graham Bell, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, tí ó sì ń kọ́ àwọn adití. Bell ní kí wọ́n kọ ìwé sí Perkins. Ọ̀gá ilé-ìwé náà kò rí ẹni tí ó dára ju Anne lọ láti rán.

Anne dé Tuscumbia ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1887. Ẹni ogún ọdún ni. Helen fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 7.

Àwọn òbí Helen fẹ́ràn rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bá a wí. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, a máa yí tábìlì ká, a máa fi ọwọ́ bọ inú àwo oníkálukú, a sì máa mú ohun tí ó bá wù ú. Bí wọ́n bá dí i lọ́wọ́, a máa ta ẹsẹ̀, a máa lu ènìyàn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí Anne dé, Helen ti ilẹ̀kùn yàrá òkè mọ́ ọn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Àkàbà ni wọ́n fi gbé olùkọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ mìíràn ó lu Anne lẹ́nu, ó sì ká a ní eyín.

Anne kò jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ bọ inú àwo tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ìjàkadì dé nídìí oúnjẹ. Àwọn ará ilé dìde kúrò, Anne ti ilẹ̀kùn, òun àti ọmọ sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò jẹ́ kí ó jáde títí ó fi fi ṣíbí jẹun tirẹ̀, tí ó sì ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Anne lọ sí yàrá rẹ̀ tí ó lọ sunkún.

Ó rí i pé bí àwọn òbí bá wà nítòsí, ọmọ náà yóò máa sá tọ̀ wọ́n, wọn yóò sì máa ṣàánú rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun àti Helen lọ gbé ilé kékeré kan tí ó wà nínú ọgbà. Ó nira fún bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n gbà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń yọjú wo ọmọ wọn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì yìí tó pé, ọmọ tí ń jà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó jẹ́ẹ́, ó ń fi okùn sín ìlẹ̀kẹ̀, ó sì ń gba ohun tí wọ́n bá wí. Àwọn àgbà wa sọ pé ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ohun tí Anne ṣe gan-an nìyẹn.

OMI

Láti ọjọ́ kejì tí ó ti dé ni Anne ti ń kọ lẹ́tà sí ọwọ́ Helen. Ó fún un ní ọmọláńgidi, ó sì fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Helen mọ bí a ti í sín in jẹ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé orúkọ ni. Ó ń da ife pọ̀ mọ́ omi tí ó wà nínú ife.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, Anne mú un lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi. Bí omi tútù ti ń ṣàn sí ọwọ́ kan, Anne ń kọ orúkọ omi sí ọwọ́ kejì. Lójijì ni ọmọ náà dúró jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ti yé e pé ohun gbogbo ni ó ní orúkọ. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi, ó béèrè. Ó yíjú sí Anne, ó sì béèrè orúkọ tirẹ̀ náà. Anne kọ ọ́ sí i lọ́wọ́ pé Olùkọ́ ni. Orúkọ yìí ni Helen pè é títí ó fi kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti mọ nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọgbọ́n tí Anne lò lẹ́yìn èyí. Ó ṣàkíyèsí ọmọ ìbátan Helen kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún kan. Ó rí i pé kò sí ẹni tí ń mú ọmọ ọwọ́ jókòó láti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ńṣe ni a ń bá a sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, tí yóò sì gbọ́ ọ títí òun náà yóò fi sọ ọ́. Anne pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe sí ọwọ́ Helen. Gbólóhùn odindi ni ó ń kọ sí i, nípa ewé, nípa ẹyẹ, nípa oúnjẹ, nípa ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọn.

WỌ́N WỌ ILÉ-ÌWÉ PẸ̀LÚ ÀWỌN TÍ Ó RÍRAN

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1896, Helen wọ ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Cambridge ní Massachusetts, láti múra sílẹ̀ fún yunifásítì. Ilé-ìwé yìí kì í ṣe ti afọ́jú tàbí ti adití. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Anne jókòó tì í ní kíláàsì, ó ń fi ìka kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ ń sọ sí i lọ́wọ́. Ìwé púpọ̀ ni kò sí ní lẹ́tà Braille tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà, nítorí náà Anne ni yóò kà á fún un. Arábìnrin tí ń kọ́ wọn ní èdè Jámánì àti ọ̀gá ilé-ìwé, Arthur Gilman, kọ́ bí a ti ń fi ìka kọ lẹ́tà kí wọ́n lè bá Helen sọ̀rọ̀. Olùkọ́ Jámánì náà kò yára, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é tìfẹ́tìfẹ́.

Nígbà ìdánwò ọdún 1897, wọ́n fún Helen ní yàrá tirẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó fi ń dáhùn, kí ariwo rẹ̀ má bàa dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ó ń fi ìka ka ìbéèrè fún un. Ó yege nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe, èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó ti tayọ.

Ṣùgbọ́n ìjà dé. Ọ̀gá ilé-ìwé rò pé Anne ń fi iṣẹ́ pa ọmọ náà, ó sì fẹ́ ya wọ́n nípa. Ìyá Helen ni ó rin ìrìn-àjò láti Alabama wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ tẹnu ọmọ rẹ̀, ó sì mú un kúrò ní ilé-ìwé náà ní oṣù kejìlá ọdún 1897. Olùkọ́ kan wá ń kọ́ ọ lọ́tọ̀. Fún ẹ̀kọ́ jẹ́ómẹ́tírì, wáyà tí ó tọ́ àti wáyà tí ó tẹ̀ ni ó ń tò sórí tìmùtìmù, kí ó bàa lè fi ọwọ́ mọ bí àwòrán náà ti rí.

Ìdánwò ìkẹyìn ní ọdún 1899 le jù. Wọn kò gbà kí Anne kà á fún un. Ẹlòmíràn ni ó da ìbéèrè kọ sí Braille, àmì ìṣirò tí ó sì lò yàtọ̀ sí èyí tí Helen mọ̀. Ó kọ́ àmì tuntun náà nígbà tí ìdánwò ti dé tán. Síbẹ̀ ó yege, ó sì wọ Radcliffe, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin tí ó so mọ́ Harvard, ní ọdún 1900.

Ọdún mẹ́rin ni Anne fi jókòó tì í níbẹ̀. Ọwọ́ ni etí Helen, nítorí náà kò lè kọ nǹkan sílẹ̀ bí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá délé ni yóò tẹ ohun tí ó bá rántí. Anne a máa fi ojú tí kò dá yìí kàwé fún un fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́. Dókítà kìlọ̀ fún un pé ojú náà ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1904 Helen gboyè. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Anne tí ó jókòó sí gbogbo kíláàsì wọ̀nyí kò gba ìwé ẹ̀rí kankan.

ÌGBẸ̀YÌN AYÉ RẸ̀

Ní ọdún 1905 Anne fẹ́ John Macy, ẹni tí ó bá Helen ṣe ètò ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Òun àti Helen jọ ń rìn káàkiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń wá owó fún iṣẹ́ àwọn afọ́jú. Ní ọdún 1932, yunifásítì Temple fún un ní oyè ìmọyì. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1936, ní New York. Wọ́n sin eérú rẹ̀ sínú kàtídírà ńlá tí ó wà ní Washington. Nígbà tí Helen kú ní ọdún 1968, ẹ̀gbẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé tirẹ̀ sí.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

1. Àánú nìkan kò tó. Ọmọ tí a fi sílẹ̀ kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú nítorí pé ó jẹ́ aláàbọ̀ ara, a ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láìmọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ìbáà jẹ́ pé ó ríran tàbí kò ríran.

2. Ẹ má ṣe fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Helen béèrè kiri títí ó fi rí ìrànlọ́wọ́. Ní tiwa, Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, ti dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Ilé-ìwé Pacelli ti wà fún àwọn afọ́jú ní Súrùlérè láti ọdún 1962, ilé-ìwé Wesley fún àwọn adití sì wà ní Súrùlérè náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé gíga girama jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ aláàbọ̀ ara. Kí ìyá kankan má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni lé ọmọ rẹ̀ padà sílé láìbéèrè ìdí.

3. Ohun tí ń ran ọmọ lọ́wọ́ nílé-ìwé kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun olówó ńlá. Yàrá tí ó dákẹ́, ìbéèrè tí a kà sí i létí tàbí sí i lọ́wọ́, àga níwájú kíláàsì, wáyà lórí tìmùtìmù, olùkọ́ tí ó gbà láti kọ́ ohun tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà láàárín wa, ẹ rántí olùkọ́ èdè Jámánì yẹn. Kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

4. Ẹni tí ń ràn ọmọ lọ́wọ́ nílò ìrànlọ́wọ́. Anne dá ẹrù náà rù títí ojú rẹ̀ fi lọ. Ìyá kan lè wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kò lè wá sí ìpàdé nítorí pé kò rí ẹni tí yóò bá a wo ọmọ. Bí àwa mẹ́rin bá pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wa, tí ọ̀kan ń bá a mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tí ọ̀kan ń jókòó ti ọmọ kí ìyá lè sinmi, ẹrù náà yóò fúyẹ́.

Ọmọ afọ́jú kan ní ilé àwọn aláìní ni Anne. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ igbe rẹ̀ ní ọdún 1880, bí kò bá sì sí opó tí ó fà á mọ́ra, ta ni ìbá kọ́ Helen? Ẹ jẹ́ kí á wo àdúgbò wa kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ tó dé, kí oníkálukú mú orúkọ ọmọ kan wá tí kò tíì rí ilé-ìwé lọ. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.